Àwa Okun tí kò ní òkun: mo fẹ́ wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń mòòkùn nílùú tí mo wà

ỌmọEjiba, Leicester

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mi ò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ nílé, torí ẹni yòówù kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, á ti dé etí ìyá mi kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Láti 2022 ni mo ti wà ní Leicester. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe nílé ìkẹ́rùsí kan. Ọkùnrin kan tí a jọ ń to ẹrù, ọmọ Poland, ọ̀rọ̀ abẹ́ omi ló máa ń fi gbogbo òru bá mi sọ. Ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbé sílíńdà atẹ́gùn pọ̀n, tí wọ́n ń mòòkùn lọ wo ẹja àti ọkọ̀ tó rì. Gbogbo alẹ́ Ọjọ́rú ni wọ́n ń pàdé níbi ìlúwẹ̀ẹ́ kan ládùúgbò wa. Ó ní kí n wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á jẹ́ kí n gbé sílíńdà pọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá wù mí, kí n forúkọ sílẹ̀. Bí kò bá wù mí, kí n gba ilé mi lọ.

Ó wù mí. Ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ lè dá mi lóhùn bó ṣe yẹ. Ejiba, nílẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi, ni wọ́n ti bí mi, lẹ́bàá dáàmù tí wọ́n ń pè ní Omi. Bàbá mi ń gbin ìrẹsì sórí ilẹ̀ tí wọ́n ń fa omi dáàmù náà sí. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí omi yẹn, mi ò sì wọ inú rẹ̀ kọjá orúnkún rí. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, mo wọ ṣòkòtò tútù wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ìyá mi fọwọ́ fún etí ṣòkòtò náà, ó gbé ọwọ́ sí imú, ó ní, "Òógùn ni àbí odò?" Kí n tó lanu, ọwọ́ ti bà mí lẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, omi tó bá ti ju ti inú garawa lọ, èmi kì í bá a ṣeré.

Ọdún tó kọjá, lọ́mọ ọdún 36, ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Èmi àti àwọn ìyá àgbà mẹ́fà la jọ kọ́ ọ, gbogbo wọn ló sì mọ̀ ọ́n ṣáájú mi. Ní báyìí mo lè lúwẹ̀ẹ́ lọ kí n lúwẹ̀ẹ́ bọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin, àfi kí n di ògiri mú kí n mí kanlẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí. Ṣé ìlúwẹ̀ẹ́ mi yìí tó? AS ni jẹ́nótáìpù mi, ṣé kò ní fa wàhálà nísàlẹ̀ omi? Ṣé kí n wọ ẹgbẹ́ ni àbí kí n lọ sanwó fún àwọn tó ń kọ́ni parí láàárín ọjọ́ mélòó kan? Mò ń bọ̀ wálé ní oṣù Kejìlá, mo sì gbọ́ pé bàálù àti mímòòkùn kì í rẹ́. Ẹni tó bá sì jẹ́ dúdú bíi tèmi tó ti wọ irú ẹgbẹ́ báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọn ò ní máa wò mí bí ẹni tó ṣìnà dé ibẹ̀?

Àwa tí à ń kí ara wa ní Okun látàárọ̀ dalẹ́, a ò tiẹ̀ ní òkun. Mo ní bóyá ẹnìkan nínú wa ti lọ wò ó.

Ẹ̀gbọ́n Adankolo, Lọ́kọ́ja

Àbúrò, okun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á kí n tó gbà pé ohun tí ojú mi rí náà lo kọ.

O kúrò ní Ejiba, o wọ bàálù, o dé ibi tí yìnyín ti ń bọ́, o wá fẹ́ sanwó kí wọ́n tì ọ́ sómi. Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ìwọ tí o kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn ìyá àgbà lánàá ńkọ́? Ní 2012, omi wọ ilé mi níbí ní Adankolo, ó gun ojú fèrèsé. Ní 2022 ó tún padà wá bí ẹni tó wá sin gbèsè. Tìmùtìmù tí a gbé sórí àjà, ó bá a níbẹ̀. Èmi ò lọ wá omi o, omi ló ń wá mi kiri.

Àbí o ò gbọ́ ti Harrison Okene ni? Alásè nínú ọkọ̀ ojú omi tó dojú dé ní 2013. Nǹkan bíi wákàtí 60 ló fi wà nínú òkùnkùn, mítà 30 sísàlẹ̀ òkun, atẹ́gùn díẹ̀ tó há sí kọ̀rọ̀ kan ló ń mí. Ẹni tí irú rẹ̀ ṣe, tí orí kó o yọ, ló ń dúpẹ́. Ìwọ ń fowó ọwọ́ rẹ lọ wá a.

Bó bá jẹ́ ẹja lo fẹ́ wò, wá sí Lọ́kọ́ja. Màá fi hàn ọ́ lórí àwo, pẹ̀lú ata.

Ìyá Táyé, Newcastle

Ẹ̀gbọ́n Adankolo, ẹ kú ilé sà, ẹ sì kú àfaradà omi. Ẹ ò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ibi tó ti dùn gan-an nínú ìtàn Okene lẹ ti dúró.

Àwọn tó ń mòòkùn ló rí i. Òkú ni wọ́n lọ ń gbé. Ọ̀kan nínú wọn rí ọwọ́ kan nínú omi, ó rò pé ti òkú ni, ó nawọ́ sí i, ọwọ́ náà sì dì í mú. Wọn ò wá lè fà á jáde lójú ẹsẹ̀. Tí èèyàn bá wà ní mítà 10, ìtẹ̀ tí omi àti atẹ́gùn ń tẹ ara rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti orí ilẹ̀. Ní mítà 30, ìlọ́po mẹ́rin. Náítírójìn inú atẹ́gùn tí Okene ń mí látọjọ́ yẹn ti wọnú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá kàn gbé e sókè, yóò hó nínú ara rẹ̀ bí mínírà tí wọ́n mì kí wọ́n tó ṣí i. Inú yàrá irin kan ni wọ́n gbé e sí, tí wọ́n ń dín ìtẹ̀ náà kù díẹ̀díẹ̀ títí ara rẹ̀ fi gbà. Ọkùnrin náà sì padà lọ kọ́ṣẹ́ mímòòkùn, ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Àbúrò, mo sọ èyí kí o lè mọ̀ pé ìgbà tí a bá ń gòkè ni ewu pọ̀ jù. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa nìyẹn: má sé èémí láé, má sì sáré gòkè. Atẹ́gùn tó kún àyà rẹ ní mítà 10 á ti fẹ̀ di ìlọ́po méjì kí o tó yọrí. Bí o bá pa ẹnu dé, ibo ló fẹ́ gbà? Nítorí náà à ń mí ṣáá, à ń gòkè bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ, a óò dúró ní mítà 5 fún ìṣẹ́jú mẹ́ta bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ní gáréèjì, a óò tó wá yọrí.

Ọmọ Kàbbà ni mí. Mi ò fojú rí òkun títí mo fi lọ sìnrú ìlú ní Badagry. Ọmọ ọdún 41 ni mí nígbà tí mo wọ ẹgbẹ́, ọdún kẹrin rèé. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àbí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù níbí wà lábẹ́ BSAC, àjọ àwọn ẹgbẹ́ mímòòkùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1953. Àwọn ṣọ́ọ̀bù, abẹ́ PADI, àjọ mìíràn tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí mímòòkùn, ni púpọ̀ nínú wọn wà, èyí sì bẹ̀rẹ̀ ní 1966. Ní ṣọ́ọ̀bù, wàá sanwó, wọ́n á kọ́ ọ fún bí ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n á fún ọ ní káàdì pé o lè dé mítà 18, ó parí. Ní ẹgbẹ́, àwọn tó ń kọ́ni kì í gbowó iṣẹ́. Wọ́n ti ibi iṣẹ́ tiwọn wá ni: telọ̀, olùkọ́ ilé ìwé, ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì. Torí náà ó lè gbà ọ́ lóṣù púpọ̀ kí o tó gba tìrẹ, èyí tó gbà ọ́ láàyè dé mítà 20. Méjèèjì ni wọ́n mọ̀ káàkiri ayé. Tèmi ni pé kí o wọ ẹgbẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé a kì í dá nìkan mòòkùn, méjì méjì là ń lọ. Ẹni tó bá gba káàdì tí kò ní ẹni tó máa bá a wọ omi, ó ní ìwé ìwakọ̀, kò ní mọ́tò. Mo mọ ọmọ Naijá méjì tí káàdì wọn ti wà nínú àpò láti ọdún mẹ́ta.

Ní ti ìlúwẹ̀ẹ́, PADI ní kí o lọ mítà 200 láì dúró, kí o sì léfòó lójú kan fún ìṣẹ́jú 10. Kò sẹ́ni tó ń wo aago. O lè lọ bí ìgbín. Bí ibi ìlúwẹ̀ẹ́ yín bá gùn ní mítà 25, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tí ò ń lọ tí ò ń bọ̀ yẹn ti jẹ́ 200. Ó kù kí o má di ògiri mú láàárín.

Ní ti AS, wọ́n á fún ọ ní ìwé ìlera kan kí o tó fẹsẹ̀ kan omi: ṣé o ní ikọ́ fée, ẹ̀jẹ̀ ríru, wárápá, àrùn etí. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ bí àwa ṣe máa ń dáhùn irú ìwé bẹ́ẹ̀. "Rárá, rárá, rárá, ní orúkọ Jésù." Má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Èmi kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ní kí n rí dókítà tó mọ̀ nípa mímòòkùn, ó yẹ̀ mí wò, ó fọwọ́ sí i, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. AS nìkan kì í sábàá dí ẹni lọ́wọ́, SS ni wọn kì í gbà. Síbẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀, kí dókítà fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ọ.

Bí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe ọ́, jókòó sílé. Etí rẹ á dí bí ìgbà tí mọ́tò bá ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Patti, àmọ́ ti omi le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wàá di imú, wàá fẹ́ atẹ́gùn sí i jẹ́jẹ́, etí á là. Kó tó dùn ọ́ ni kí o ti ṣe é. Mítà kan sí èkejì, máa ṣe é. Bí imú bá dí, kò ní là, ìlù etí lè ya.

Ó wá ku ti ọwọ́. Jọ̀ọ́, fi èyí sọ́kàn ju gbogbo èyí tí mo ti ń wí lọ. Lábẹ́ omi, àtàǹpàkò tí o nà sókè kò túmọ̀ sí pé ó dára. "Ó yá, ká gòkè" ló ń sọ. Bí ara bá tù ọ́, fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ṣe òrùka. Lálẹ́ àkọ́kọ́ mi, olùkọ́ fi òrùka bi mí pé ṣé kò sí. Mo na àtàǹpàkò sí i. Ó dì mí lápá, a gòkè. Ó ní kí ló dé, mo ní kò sí nǹkan kan, mò ń gbádùn ara mi. A padà wọlé. Ó tún bi mí, mo tún nà án, a tún gòkè. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ló ní kí n ká àtàǹpàkò mi mọ́ àtẹ́lẹwọ́ títí a ó fi ṣe tán.

Ìbéèrè rẹ nípa àwọ̀. Ọdún méjì gbáko ni mo fi jẹ́ dúdú kan ṣoṣo níbẹ̀. Lálẹ́ àkọ́kọ́ kan náà, ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ní ẹ̀kọ́ àwọn tí kò mọ ìlúwẹ̀ẹ́ ti parí ní agogo méje. Mo ní mo mọ̀, mo wá mòòkùn ni. Ó wo ìwé rẹ̀, ó tún wò mí. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú omi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ nípa rẹ ni bóyá o yẹ ẹrù ẹnìkejì rẹ wò dáadáa, àti bóyá wàá bá wọn gbé sílíńdà padà sínú ọkọ̀. Sílíńdà wúwo. Ẹni tó bá ń gbé e láì jẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n á di tirẹ̀ láàárín oṣù kan.

(Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń kà á: bíráìdì ńlá kò lè wọ inú fìlà rọ́bà tí à ń dé wọ omi. Ṣùkú á gbé fìlà sókè, omi tútù á sì gba ẹ̀yìn ọrùn wọlé. Kọ̀lẹ́sẹ̀ ni mò ń dì láti ìgbà náà.)

Ìwọ tó wà ní Leicester tún ríre. Stoney Cove ò jìnnà sí ọ. Ọ̀nà jíjìn ni àwa máa ń rìn láti Newcastle kí a tó dé ibẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta láyé àtijọ́ ni, wọ́n fi í sílẹ̀, omi kún un. Ìpele ìpele ló lọ sísàlẹ̀ bí àtẹ̀gùn, ó jìn tó mítà 35. Ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ kan, Stanegarth, wà nísàlẹ̀ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ rì síbẹ̀ kí àwọn bíi tiwa lè máa wò ó. Oṣù Kẹrin ni wọ́n mú mi lọ. Otútù tó gbá mi létè! Gbogbo ara wà nínú aṣọ rọ́bà tí omi kò gbọdọ̀ wọ̀, ètè nìkan ló wà níta, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí mo gòkè, bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa, ó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, bu kọfí sínú ìdérí fúláàsì fún mi. Mo bú sẹ́kún. Bàbá tèmi ní oko kọfí ní Kàbbà, ó kórè é tà títí ó fi kú, kò mu ún rí. Bàbá yẹn rò pé otútù ló ń pa mí lẹ́kún, ó bu sí i.

Ọdún kejì ni wọ́n tó mú mi lọ sí òkun gidi, ní erékùṣù Farne. Àwọn ẹranko kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní seal, ojú wọn bíi ti ajá, irunmú wọn bíi ti ológbò, wọ́n sanra. Mo wà ní mítà 8, mo ń wo edé lábẹ́ òkúta, ni nǹkan kan fà mí lẹ́sẹ̀. Mo rò pé ẹnìkejì mi ni. Mo wo ọ̀tún, òun rèé lọ́tùn-ún. Mo wá bojú wẹ̀yìn. Ọ̀kan nínú àwọn ẹranko náà fi eyín di bàtà ẹlẹ́sẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ mi mú, ó ń jẹ ẹ́ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ tó ń yọ eyín, ó sì ń wò mí láti mọ̀ bóyá màá bínú. Ojú rẹ̀ dúdú, ó tóbi, mo rí iná tọ́ọ̀ṣì mi nínú rẹ̀. Mo fa ẹsẹ̀ mi. Ó fi í sílẹ̀, ó yípo lẹ́ẹ̀kan, ó padà wá mú ẹsẹ̀ kejì. Mo rẹ́rìn-ín débi pé omi wọnú máàsìkì mi.

Bàálù: nítorí náítírójìn tí mo sọ yẹn, bí o bá wọ omi lẹ́ẹ̀kan, dúró ó kéré tán wákàtí 12 kí o tó fò. Bí o bá wọ̀ ọ́ léraléra, wákàtí 18. Èmi máa ń fi odindi ọjọ́ kan sílẹ̀. Kíkó ẹrù ilé nìkan á gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Jẹun díẹ̀, má jẹ iyán.

Kọ́lá Ìyàrà, Malta

Ìyá Táyé ti sọ ọ́ tán. Èmi wà níbi tí omi ti lọ́wọ́ọ́rọ́, mi ò lè bá yín dá sí ọ̀rọ̀ otútù.

Owó ni tèmi. Má ra nǹkan kan lọ́dún àkọ́kọ́ àfi máàsìkì. Ẹgbẹ́ á yá ọ ní ìyókù. Ojúkòkòrò ló mú èmi lọ ra ẹ̀rọ ìmí tí ẹlòmíì ti lò, lọ́wọ́ ọkùnrin kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó búra pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe ni. Ó tàn yanran. Mo dé mítà 12, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú atẹ́gùn jáde fúnra rẹ̀, ariwo gbooo, mi ò rí ọwọ́ mi mọ́ nínú ìfófòó. Abẹ́rẹ́ ìwọ̀n sílíńdà mi ń sọ̀ kalẹ̀ lójú mi. Mo fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ṣá ọrùn mi fún ẹnìkejì mi, bí a ṣe ń sọ pé atẹ́gùn ti tán nìyẹn, ó fún mi ní ẹnu ẹ̀rọ kejì tó wà lára rẹ̀, a jọ mí atẹ́gùn sílíńdà rẹ̀ kan ṣoṣo gòkè. Ọmọbìnrin tí mi ò tíì mọ orúkọ bàbá rẹ̀ ni o. Ọkùnrin tó tà á ti dínà mi lórí fóònù.

Bí a ṣe ń ra máàsìkì: má fi okùn rẹ̀ kọ́ orí. Gbé e lé ojú, fi imú fa atẹ́gùn díẹ̀, yọwọ́. Bó bá lẹ̀ mọ́ ojú, tìrẹ ni. Bó bá já bọ́, dá a padà, ì báà lẹ́wà bí i kí ni. Bí o bá ní irun òkè ẹnu, fá a. Omi á máa gba ibẹ̀ wọlé.

ỌmọEjiba, Leicester

Ẹ ṣeun gan-an. Ìyá Táyé, ẹ ṣé mà. Bọ̀dá Kọ́lá, mo fá a.

Mo lọ lánàá. Mo fi ìwé ìlera ránṣẹ́ ṣáájú, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ rí dókítà nítorí AS, dókítà ní kò séwu. Mo ti ka ọ̀rọ̀ àtàǹpàkò bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Mo tún un kà nínú bọ́ọ̀sì.

Kò wúwo nínú omi, ìyẹn ló yà mí lẹ́nu. Lórí ilẹ̀ mo ń rìn bí ẹni tó pọn màlúù. Bí omi ti dé ọrùn mi, sílíńdà náà lọ, mi ò mọ ibi tó gbà. Ẹni tó ń kọ́ mi ní kí n tutọ́ sínú máàsìkì, kí n fọwọ́ pa á kiri, kí n fi omi ṣàn án, kí dígí rẹ̀ má baà ṣú. Mo ní itọ́ bawo? Ó tutọ́ sínú tirẹ̀.

Mo gbé orí wọlé. Ara mi kọ̀ láti mí. Èmi ní kó mí, ara ní o ya wèrè ni, o wà nínú omi. Òógùn ni àbí odò? A jọ jiyàn fún ìgbà díẹ̀. Mo wá mí ẹyọ kan. Ó tutù, ó gbẹ lọ́fun, ó ń dún bí ẹni tó ń hanrun nínú ìkòkò. Mo mí ìkejì. Nígbà tí mo mí tó bíi mẹ́wàá, mo rí i pé ọwọ́ olùkọ́ tí mo dì mú, mo ti fi èékánná mú un.

A dé ibi tó jìn jù, mítà mẹ́ta ó lé díẹ̀. Etí dí, mo di imú, ó là. Ó ní kí n jẹ́ kí omi díẹ̀ wọ máàsìkì kí n sì fi imú fẹ́ ẹ jáde. Omi wọlé, mo gbàgbé imú, mo gbàgbé orúkọ mi, mo yọrí gbà-á sókè. A padà síbi tí omi ti mọ ní àyà, mo ṣe é níbẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìkarùn-ún jáde mọ́.

Ó wá fi òrùka bi mí pé ṣé kò sí. Inú mi dùn. Mo na àtàǹpàkò.

Ìyá Táyé, Newcastle

Ẹ̀ẹ̀mélòó?

ỌmọEjiba, Leicester

Ẹ̀ẹ̀mejì péré mà.

Mo forúkọ sílẹ̀. Mo pe ìyá mi láàárọ̀ yìí, mo ní kó má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó dákẹ́ débi pé mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Ó wá bi mí pé omi náà jìn tó kí ni. Mo ní ó ga ju èèyàn méjì tó gun ara wọn léjìká lọ díẹ̀. Ó ní ta ló dúró tì ọ́? Mo ní olùkọ́ kan, ìyàwó ilé kan tó bí ọmọ mẹ́rin. Ó ní, "Ó ń di ọwọ́ rẹ mú?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní kí n kí i.

Ẹ̀gbọ́n Adankolo, Lọ́kọ́ja

Ó dáa. Ẹ ti borí mi. Ṣùgbọ́n mítà mẹ́ta tí o lọ yìí, kí lo rí níbẹ̀?

ỌmọEjiba, Leicester

Píìnì irun mẹ́ta, pílásítà tó ti ṣí lára ẹnìkan, àti owó ẹyọ kan. Mo mú owó náà jáde. Pẹ́ńsì 20 ni.

Ẹ̀gbọ́n Adankolo, Lọ́kọ́ja

Fi ránṣẹ́.